Ọkùnrin Ajido Tó Kọ Ìtàn Gambetta

Orúkọ rẹ̀ ni Abraham Sewanu, ọmọ apẹja ní Ajido. Tíṣà mi ni, ó sì gbà mí bí ọmọ, nítorí náà "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ pé wọ́n ṣe báyìí, wọ́n lọ sí ọ̀hún, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ Tíṣà àti ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Kí àgbà tó bá rí i forí jì mí.

Lọ́dún 1975 tí mo wọ kíláàsì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgbádárìgì, àwọn tó ṣáájú wa ti ń pè é ní Tíṣà Gàǹbẹ́tà. Èdè Faransé ló ń kọ́ wa. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ bó bá ń sọ̀rọ̀. Tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago ó lù, á pa ìwé dé, á jókòó sí etí tábìlì, á ní, "Níbo la bá Gambetta dé?" Bàbá mi bi mí nílé lọ́jọ́ kan pé, "Rẹ̀mílẹ́kún, ta ni Gambetta tí o ń sọ lẹ́nu yìí? Ṣé tíṣà yín ni àbí ọmọ kíláàsì yín?" Mo ní òyìnbó kan ni, ó ti kú tipẹ́. Bàbá mi ní, "Kí ló wá kàn yín nínú tiẹ̀?"

Ohun tó kan Tíṣà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1938 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ń da àwọ̀n lójú ọ̀sà, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, ó sì ń kó o lọ tà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ nígbà náà. Nígbà tí Abraham pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ gbé e sáàárín àwọn agbọ̀n ẹja, ó fà á lé ẹ̀gbọ́n ìyá náà ọkùnrin lọ́wọ́ ní Àjàṣẹ́, télọ̀ kan tí obìnrin nìkan ni ó bí. "Ibí ni wàá ti lọ síléèwé," ni ìyá wí. Kò sọ iye ọdún.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ ọjà nìkan ni ọmọ náà ń fojú kan ìyá rẹ̀. Á sáré dé èbúté, á bá a gbé ẹja sókè, á sì dúró títí ọkọ̀ yóò fi padà sí ọ̀nà Ajido tí kò ní rí nǹkan kan mọ́ àfi omi. Ó sọ fún mi pé òun kò sunkún ní èbúté náà rí. Ó di kíláàsì kí omi tó máa bọ́ sórí síléètì òun.

Olùkọ́ wọn, ará Àjàṣẹ́ kan tó ti ṣe ṣọ́jà fún àwọn Faransé rí, rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò nà án. Ó ní kí gbogbo kíláàsì gbé síléètì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọkùnrin kan fún wọn.

Ó ní ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ni, ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Cahors. Ilẹ̀ Ítálì ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dúró ti oníṣẹ́ ọwọ́ kan, irin ta sí i lójú ọ̀tún, ojú náà sì fọ́. Ojú kan yòókù ló fi kàwé di lọ́yà ní Párísì. Ó dìde ní kóòtù, ó sọ ohun tí ẹlòmíràn kò tó sọ sí ọba tó wà lórí oyè. Lọ́dún 1870 àwọn ará Jámánì mú ọba náà lójú ogun, Gambetta sì wà lára àwọn tó kéde pé ilẹ̀ Faransé kò ní ọba mọ́, pé ará ìlú ni yóò máa yan olórí. Àwọn ọ̀tá yí Párísì ká. Kò sí ọ̀nà àbájáde àfi òkè. Gambetta bá wọ inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ àpò ńlá kan tó kún fún afẹ́fẹ́, ó fò kọjá lórí àwọn ọ̀tá bí wọ́n ti ń yìnbọn sí i láti ilẹ̀, ó sì lọ balẹ̀ sórí igi. Ó kó ọmọ ogun tuntun jọ. Wọ́n jà, wọn kò borí. Nígbà tí wọ́n máa parí ìjà, wọ́n gé Alsace àti apá kan Lorraine, ilẹ̀ Faransé tó wà lẹ́bàá ààlà, fún Jámánì.

"Àwọn ènìyàn ibẹ̀ sùn ní ilé bàbá wọn," ni olùkọ́ náà wí, "wọ́n sì jí ní ilẹ̀ ẹlòmíràn. Gambetta wá gba àwọn ará ìlú rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi àwọn ilẹ̀ náà sọ́kàn nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe máa fi sẹ́nu."

Ọmọ Ajido gbọ́ èyí, ó sì rò ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Omi kan náà ló wà láàárín Ajido àti Àjàṣẹ́. Ègùn kan náà ni wọ́n ń sọ, ìbátan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló ni ọ̀hún, Faransé ló ni ìhín, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó pín in. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń wá ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ Gambetta kà.

Ní agboolé tó kọjú sí ti télọ̀, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Dosi. Òun ni wọ́n bí tẹ̀lé àwọn ìbejì ilé náà. Òun àti Abraham jọ ń rìn lọ síléèwé, wọ́n jọ ń rìn bọ̀. Nígbà tí Abraham di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí bàbá rẹ̀ kú ní Ajido, tó sì di dandan kó padà wá tọ́jú ìyá rẹ̀, Dosi ti ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́n ṣe àdéhùn pé bó bá parí iṣẹ́ kíkọ́, á wá bá Abraham ní Àgbádárìgì, níbi tó ti rí iṣẹ́ tíṣà.

Dosi parí, kò sì wá. Ojú ìyá Dosi ti fọ́ nígbà náà, ìyá náà sì kọ̀, kò kúrò nílé. Ibojì ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá tó ń sùn sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. "Bí mo bá kúrò níbí, ta ló máa máa bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀?" ni ìyá bi Dosi. Ẹ̀gbọ́n Dosi kan ṣoṣo tó kù láyé wà ní Libreville, ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù. Kò sí ẹlòmíràn tó lè máa tọ́jú ìyá. Abraham náà, ọmọ kan ṣoṣo fún ìyá rẹ̀ ni. Bó ṣe di pé àwọn méjèèjì ń rí ara wọn ní ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé, Tíṣà á wọ ọkọ̀ lọ sí ẹnubodè, á kọjá, á dé Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó mú. Ní ìrọ̀lẹ́ á padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Abraham, obìnrin pọ̀ ní Ajido, wọ́n pọ̀ ní Iworo. Ọmọ nílò ìyá tó ń gbé nílé."

"Ìyá, mo ti níyàwó," ni Tíṣà dá a lóhùn.

"Èwo? Ti Sátidé?"

"Òun náà ni."

Ìyá kò tún sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń di ẹja fún un láti gbé lọ.

Nígbà tí owó epo dé, Àgbádárìgì yí padà. Wọ́n kọ́ kíláàsì tuntun fún wa, wọ́n ra ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn àwọn Faransé fúnra wọn, a ó fi nǹkan bo etí wa, a ó máa dáhùn bí ẹni tó ń bá àwòrán sọ̀rọ̀. Wọ́n ń la títì ńlá láti Èkó wá sí ẹnubodè. Àwọn Faransé kan wà lára àwọn tó gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń wá ògbufọ̀. Nígbà ìsinmi ọdún 1976, Tíṣà lọ bá wọn ṣiṣẹ́ ní ibùdó wọn ní Mowo.

Ẹnjiníà kan wà níbẹ̀, ọkùnrin tó nírẹ̀lẹ̀, tó máa ń bá a jẹun ọ̀sán pọ̀. Tíṣà fi ọ̀sẹ̀ méjì ronú bí òun ṣe máa bi í. Ó rò pé òun ti rí ẹni tí àwọn lè jọ sọ ọ́ dọ́jọ́ alẹ́. Níkẹyìn ó bi í.

"Gambetta?" ni ẹnjiníà náà wí. "Títì wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú wa. Ní Párísì, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi."

"Ọkùnrin náà ńkọ́?"

Ẹnjiníà náà ní, "Olóṣèlú ni. Ó fò nínú nǹkan kan, àbí?" Ó sì bu omi mu.

Tíṣà kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà lọ láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ó ń ṣàlàyé fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé wọ́n lè ṣàkóso ara wọn láìsí ọba, títí wọ́n fi gbà á gbọ́. Nísinsìnyí, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kí àna wọn ni. Ó ní òun máa kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó kéré tán, ibì kan wà tí wọ́n á ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ènìyàn.

Dosi bi í ìdí tí kò fi kọ ọ́ ní Ègùn, èdè tí àwọn méjèèjì mu pọ̀ mọ́ ọmú. "Mo ń gbọ́ Yorùbá," ó ní, "ṣùgbọ́n mi ò lè kà á." Tíṣà ní Yorùbá làwọn ọmọ kíláàsì òun ń kà, pé bí òun bá ti parí rẹ̀, òun á jókòó tì í, òun á sọ ọ́ ní Ègùn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Dosi ní kó yáa máa yára.

Kò yára. Ìwé àjákọ mẹ́ta ló fi kọ ọ́, ó sì lo ọdún méje lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń dí i lọ́wọ́. Ó máa ń kà á fún àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi ní Ajido, kó lè mọ̀ bóyá ó yé ènìyàn. Mo tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ nígbà kan. Ó kà á pé Gambetta fò kúrò ní Párísì nínú bàlúù. Mùkáílà, apẹja kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbé orí sókè.

"Tíṣà, ẹ ní ọdún mélòó lèyí?"

"1870."

"Bàlúù ti wà nígbà yẹn?"

"Kì í ṣe bàlúù tí ẹ mọ̀. Kò ní apá, kò ní ẹ́ńjìnnì. Àpò ni, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀."

"Ta ló wá ń darí rẹ̀?"

"Atẹ́gùn."

Mùkáílà rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé ọkọ̀ ìgbòkun ni."

Tíṣà bá fa bàlúù rẹ́, ó kọ ọ́ pé ọkọ̀ ìgbòkun ojú ọ̀run. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti yọ ọba, baba arúgbó kan bi í pé bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí kò lọ́ba, ta ni wọ́n á kó o lọ bá? Ìyẹn gba ojú ìwé mẹ́rin kó tó dáhùn rẹ̀ tán.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, àwọn ológun tó wà lórí àlééfà ti ẹnubodè pa. A rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá. Tíṣà ṣì ń múra láàárọ̀ Sátidé, á wọ aṣọ, á jókòó síta níwájú yàrá rẹ̀. Nígbà tó yá kò wọ aṣọ náà mọ́.

Ní òpin oṣù keje ni lẹ́tà Dosi dé ọwọ́ rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ja. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́nà. Dosi kọ̀wé pé: "Ìyá ti kú, mo sì ti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi wá iṣẹ́ ní Libreville, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ wá. Mi ò mọ ọ̀nà gbà, mi ò sì lè dá nìkan gbé ilé yìí. Wá mú mi. Mo máa dúró títí oṣù kẹjọ á fi parí."

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ẹnubodè ní ojúmọmọ, gẹ́gẹ́ bí olóòótọ́ tó rò pé bí òun bá ṣàlàyé, á yé wọn. Ó mú lẹ́tà náà dání. Ó tún mú ìwé àjákọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó sì fẹ́ kà á fún Dosi. Ṣọ́jà kan tú àpò rẹ̀. Ó pe ẹnìkejì tó gbọ́ Yorùbá láti wá kà á. Ibi tó ṣí ni ibi tí wọ́n ti lé ọba tí wọ́n sì kéde ìjọba tuntun.

"Ta ló fẹ́ dojú ìjọba dé?" ni ṣọ́jà náà bi í.

"Ọ̀gá, ìtàn àtijọ́ ni."

"Ta ni Gambetta? Níbo ló ń gbé?"

"Ó ti kú, ọ̀gá."

"Ta ló pa á?"

"Àìsàn ni. Ní 1882."

Wọ́n ti í mọ́lé fún ọjọ́ méjì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ló lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé pé òun kò ní sún mọ́ ẹnubodè mọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Wọn kò dá ìwé àjákọ rẹ̀ padà. Nígbà tó bèèrè, wọ́n ní wọ́n ti kó o lọ sí Èkó.

Mùkáílà wá bá a. Ó ní, "Ẹ wọ ọkọ̀ mi. Mo mọ ojú omi yìí bí àtẹ́lẹwọ́ mi. Màá gbé yín dé Àjàṣẹ́, màá sì gbé ẹ̀yin méjèèjì padà."

Tíṣà kò wọ ọkọ̀ náà. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sọ ọ́ bákan náà. "Mo ti fọwọ́ síwèé," ó ní. "Ìyá mi wà nílé tó gbójú lé mi. Mo rò pé bí wọ́n bá mú mi lójú omi, wọn ò ní dá mi sílẹ̀ mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀rù bà mí. Kò sí ohun mìíràn."

Ó kọ lẹ́tà dípò rẹ̀, ó fún Mùkáílà. Òjò àti àwọn ṣọ́jà ojú omi kò jẹ́ kí Mùkáílà rí ọ̀nà gbà títí oṣù kẹsàn-án fi dé. Ó bá ilẹ̀kùn Dosi ní títì. Ó ti lẹ́tà náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè lọ́dún 1986, Tíṣà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọjá. Ayálégbé kan ló jáde sí i nílé Dosi, aránṣọ kan tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní onílé ti wà ní Libreville láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wọlé, ó mú lẹ́tà kan jáde, ó ní òun bá a nílẹ̀ ní ọjọ́ tí òun kó dé, òun kò sì mọ ẹni tó ni ín. Lẹ́tà Tíṣà fúnra rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ṣí i. Tíṣà gbà á, ó dúpẹ́, ó gba àdírẹ́sì Libreville. Ó ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀ lábẹ́ ògiri níta, aránṣọ náà sì gbé àga jáde fún un láìbi í léèrè nǹkan kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wọn. Lẹ́tà kan a máa lo oṣù méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Dosi kọ̀wé pé òun ń gbẹ̀bí, pé òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, pé omi Libreville ń hó lórí iyanrìn bíi ti etíkun wa ṣùgbọ́n kò ní ọ̀sà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí òun gbàgbé pé òun kò sí nílé. Kò sọ pé òun máa padà. Tíṣà kò sì bi í, nítorí kò mọ bó ṣe máa bèèrè lẹ́yìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà owó epo ti fò lọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn Faransé ti bàjẹ́, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá rẹ̀. Àwọn tíṣà ń lọ ṣòwò, ọmọ tó ń kọ́ èdè Faransé kò tó mẹ́wàá mọ́. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, ní Ajido. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun rántí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń jókòó ti ojú ìwé òfìfo fún odidi ọ̀sán, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tó ti rí nígbà kan rí.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ó kọ ohun tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ Léonie Léon, obìnrin tí Gambetta fẹ́ràn. Ọdún mẹ́wàá ló fi ń kọ̀wé sí i, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ṣègbéyàwó, obìnrin náà kò gbà. Gambetta di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó di olórí ìjọba fún oṣù méjì péré, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí Léonie gbà níkẹyìn, ìbọn ṣèèṣì ta bá Gambetta lọ́wọ́. Ó dùbúlẹ̀, àìsàn mìíràn sì bá a lórí ẹní. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1882, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Tíṣà kọ ọ́ pé obìnrin náà ti dúró pẹ́ jù.

Èmi ni mo fi táìpù tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1991 a ṣe ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, a fi okùn gán an. Tíṣà fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Libreville. Oṣù márùn-ún kọjá kí èsì tó dé. Ó fún mi ní lẹ́tà náà kà, nítorí ó ní ojú òun ń ṣú. Èdè Faransé ni Dosi fi kọ ọ́:

"Obìnrin ará Kétu kan tó ń ta aṣọ níbí ló kà á fún mi, fún alẹ́ mẹ́fà. Ó dára. Mo rẹ́rìn-ín ní ibi ọkọ̀ ìgbòkun. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé obìnrin náà dúró. Ta ló sọ fún ọ? Ó ń jí láàárọ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ronú sí ohun tó fẹ́ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kò jókòó ti ilẹ̀kùn. Tún un kọ."

Ó tún un kọ. Gbogbo ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ wa, ọwọ́ ló fi tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi í léèrè ohun tó kọ́ nínú lẹ́tà náà.

Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 1993. Tíṣà fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì kó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ajido, ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé. Ní ìparí ọdún 1995, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa, irun rẹ̀ funfun, ó wọ aṣọ àwọ̀ ewé, ó ń bi mí ní Yorùbá tó ní Ègùn nínú pé níbo ni ilé Sewanu. Mo ti mọ ẹni tó jẹ́ kó tó sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá." Mo mú un dé ẹnu ọ̀nà, mo sì padà.

Tíṣà ló wá ròyìn ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà. Dosi ti padà sí Àjàṣẹ́, ó ti lé ayálégbé kúrò nínú yàrá ìyá rẹ̀. Tíṣà ní kó wá máa gbé ní Ajido. Dosi ní àgbà ti dé, òun kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìdáná ilé ẹlòmíràn, pé àwọn ará àdúgbò ṣì ń pe òun láti gbẹ̀bí. Tíṣà ní òun á máa bọ̀ nígbà náà. "Sátidé?" ni Dosi wí. Ó ní, "Sátidé."

Ọdún kan àbọ̀ ni Tíṣà fi ń lọ. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì rọ, Dosi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Á dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, á gbé ohun tó rà kalẹ̀, àwọn méjèèjì á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti lè rí ọ̀sà. Tíṣà ń sọ ìwé náà fún un ní Ègùn, bó ti ṣèlérí, láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn láti inú ilé mi. Mi ò gbọ́ Ègùn dáadáa. Dosi á dá a dúró, á bi í ní nǹkan, wọ́n á jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ojú ìwé kan lè gba odidi àárọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1999, ó rẹ Tíṣà ní ọjọ́ Túsìdé. Ní Tọ́sìdé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó kú. Mo wá ẹni tó máa lọ sí Àjàṣẹ́ lọ sọ fún Dosi. Mùkáílà ti darúgbó, àwọn awakọ̀ tí mo bẹ̀ ní àwọn á lọ, wọn kò lọ. Kò sí tẹlifóònù. Èmi náà kò lè fi òkú sílẹ̀.

Ní Sátidé, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí mo rí i tó ń bọ̀ láti ibi tí ọ̀kadà já a sí. Ó gbé ọsàn sínú àpò, ó sì wé gèlè aláwọ̀ aró kan tí mi ò rí lórí rẹ̀ rí. Mo jáde pàdé rẹ̀ kó tó dé ilé Tíṣà. Ó wo ojú mi, ó dúró.

"Ìgbà wo?" ó ní.

"Ọjọ́ Tọ́sìdé, Màmá. Àárọ̀."

Ó gbé àpò ọsàn náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má bá òun wọlé. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí àga tirẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀sà. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ní Ègùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bi ènìyàn ní nǹkan. Mo wọlé, mo pa fèrèsé dé.